Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ni Ó Ń Ya Ìlú Tí Ọmọ Ogun Ti Ń Kọ́ Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Asawase, ní ìlú Kumasi



Àwọn baba ńlá Yorùbá sọ pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti mọ̀ nípa ogun kí ogun tó dé yóò ti mọ ibi tí yóò gbà. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé, láti ìgbà tí ènìyàn ti ń jagun, àwọn tí ń kọ́ ọmọ ogun ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi jẹ́ kí ó rí ogun kí ó tó rí ogun. Idà igi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ayé àtijọ́. Ní òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń ya ìlú, tí ó ń ya òpópó, tí ó sì ń ya ènìyàn sínú rẹ̀, tí ọmọ ogun yóò sì máa rìn nínú ìlú náà bí ẹni tí ń lá àlá ní ọ̀sán gangan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀gágun tí orí wọn ti funfun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ya ìlú tí ọmọ ogun yóò ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan Asawase, nítorí pé Asawase ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, Asawase sì jẹ́ irú ìlú tí a lè yà ní ọ̀nà tí kò tọ́.

OHUN TÍ IṢẸ́ NÁÀ JẸ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú ayé àfarawé yìí yóò de ohun kan mọ́ ojú, tí ó dà bí awò ńlá. Nínú rẹ̀ ni àwòrán méjì wà, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, èkejì fún ojú òsì. Àwọn méjèèjì yàtọ̀ díẹ̀ sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ojú méjèèjì ń rí ti yàtọ̀ díẹ̀. Ọpọlọ yóò pa àwòrán méjèèjì pọ̀, yóò sì gbà pé ibi tí òun ń wò jìn, ó sì gbòòrò. Bí ẹni náà bá yí orí, ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wà nínú awò náà yóò mọ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì yí àwòrán náà sí ibi tí orí kọjú sí. Bí ó bá ń yí i kíákíá, ẹni náà yóò gbàgbé pé inú yàrá ni òun wà. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, òòyì yóò kọ́ ọ, èébì yóò sì máa gbé e.

Àǹfààní rẹ̀ kò fara sin. Ọmọ ogun lè ṣe àṣìṣe kan náà ní ìgbà ogún nínú ayé àfarawé, kí ẹnikẹ́ni má sì kú. Kò jó epo, kò ná ọta ìbọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, olùkọ́ lè dá ìṣẹ̀lẹ̀ dúró láàrin méjì, kí ó sì bi ọmọ ogun léèrè pé: Kí ni o rí? Kí ni ó jẹ́ kí o gbé ìbọn? Ṣé ìwọ rí ọwọ́ ọkùnrin náà dáadáa? Lójú ogun gan-an, kò sí ẹni tí ó ń ráyè béèrè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, tí òkú sì ti sùn sílẹ̀.

ỌWỌ́ ÀWỌN Ọ̀DỌ́ NI Ó BẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ní ọdún 1929, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ẹni 30 ọdún, Edwin Link, wà ní ìlú Binghamton ní Amẹ́ríkà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe dùùrù. Ó mú ewìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ó sì fi ṣe ẹ̀rọ kan tí ó dà bí ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Ẹ̀rọ náà ń mì, ó ń fì, ó ń yí, ṣùgbọ́n kì í kúrò nílẹ̀. Ibi ìgbafẹ́ ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ti ń lò ó bí ohun ìṣeré. Nígbà tí ó di ọdún 1934, àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kú níbi tí wọ́n ti ń gbé lẹ́tà kiri nínú kùrukùru àti ìjì. Nígbà náà ni ìjọba rántí ohun ìṣeré Link, wọ́n sì ra mẹ́fà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí, àwọn awakọ̀ tí ó ti kọ́ṣẹ́ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lé ní 500,000.

Ní ọdún 1944, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT pé kí ó ṣe ẹ̀rọ tí ó lè fara wé onírúurú ọkọ̀ òfuurufú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Jay Forrester ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, Robert Everett sì jẹ́ igbákejì rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè yára tó. Wọ́n fi ẹ̀rọ àfarawé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ṣe kọ̀ǹpútà tuntun tí a ń pè ní Whirlwind, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951. Ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ó lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ bí ènìyàn ti ń lò ó. Ní ọdún 1968, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard, olùkọ́ tí ń jẹ́ Ivan Sutherland àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Bob Sproull lára wọn, ṣe ọ̀kan lára àwọn awò àkọ́kọ́ tí a ń dé sórí tí ó sì ń tẹ̀lé orí bí ó ti ń yí. Láti àjà ilé ni wọ́n ti so irin tí ń wọn ìyípadà orí mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti hàn jù lọ ni ìlú Monterey, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti bí ìparí àwọn ọdún 1980 ni olùkọ́ wọn, Michael Zyda, ti ń darí iṣẹ́ tí wọ́n pè ní NPSNET. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ lórí bí ọkọ̀ ogun yóò ṣe máa rìn lórí òkè nínú ayé àfarawé náà, òmíràn yóò kọ tirẹ̀ lórí ìró ìbọn, òmíràn lórí bí ènìyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ọ̀kan bá parí, èkejì yóò gbé e láti ibi tí ó fi í sí. Láti ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni eré orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní America's Army ti jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2002, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi fa ojú àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra nígbà náà.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn Monterey. Àwọn tí ń ya òkun níbẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ogun rí, àwọn tí ń ya pápá ti sùn sí pápá rí. Ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n ń yà.

OWÓ TI JÁ WÁLẸ̀

Nígbà kan, irú iṣẹ́ báyìí kọjá agbára orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2012, ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Palmer Luckey, tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kan tí owó ológun ń gbé ró ní University of Southern California, bẹ àwọn ènìyàn fún owó láti ṣe awò tí kò wọ́n. Ní ọdún 2014, Facebook ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ní ọdún kan náà ni Google mú awò tí a fi páálí ṣe jáde: ẹni tí ó bá ní fóònù lè ki fóònù náà bọ inú páálí, kí ó sì rí ayé àfarawé. Unity àti Unreal, tí àwọn aṣeré kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ irú ayé bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè lò wọ́n láìsan kọ́bọ̀.

Ní Kumasi yìí ni Kwame Nkrumah University of Science and Technology wà, tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1952. Níbẹ̀ ni Kofi Annan, ọmọ tí a bí ní Kumasi ní ọdún 1938, ti kàwé kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà, kí ó tó di Akọ̀wé Àgbà Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé. Níbẹ̀ kan náà ni Eyram Tawia, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ti ṣe eré orí kọ̀ǹpútà tí ó pè ní The Sword of Sygos gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2009, òun àti ọmọ Kenya kan, Wesley Kirinya, dá ilé-iṣẹ́ Leti Arts sílẹ̀. Ní ìlú Èkó, Judith Okonkwo dá ibi ìwádìí ayé àfarawé sílẹ̀ ní ọdún 2016, ó sì sọ ọ́ ní Imisi3D. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìmísí fún. Eré ni àwọn kan ń fi ọgbọ́n yìí ṣe, ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ni àwọn kan ń fi ṣe, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ẹni tí ó lè ya ààfin inú ìtàn lè ya ojúlé tí ọmọ ogun yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ju agbára àwọn ọmọ Kumasi lọ.

OJÚ ÀLEJÒ

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyí. Yorùbá ní, àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí àlejò bá ya ìlú, ohun tí kò rí kò ní sí nínú ìlú tí ó yà. Ọmọ ogun tí ó bá sì kọ́ṣẹ́ nínú ìlú náà yóò gbé àìríran àlejò wọ ìgboro.

Ẹ jẹ́ kí a wo Asawase bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ṣe yà á. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́wàá kó ara wọn jọ ní ìrọ̀lẹ́ sí ìdí iná: àlejò yóò pè é ní ìpàdé àwọn ọmọ ìta, ataya ni wọ́n sì ń mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà: àlejò yóò pè é ní ìrúkèrúdò, ìrun Jímọ̀ ni ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àwọn ọkùnrin ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n ń ké: òkú ni wọ́n ń gbé lọ sí itẹ́. Ọkùnrin kan mú ọ̀bẹ gígùn lọ́wọ́ ní òwúrọ̀: ọjọ́ Iléyá ni. Obìnrin méjì ń pariwo mọ́ ara wọn: wọ́n ń dúnàádúrà ni, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó túká. Èdè Hausa, Twi, Yorùbá àti Dagbani ń lọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Gbogbo èyí ni ọmọ Asawase mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n, àfi bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá fi sí i.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù Keje ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́ méje láti Zongo Asawase ní agbègbè Manso Nkwanta, wọ́n sì pè wọ́n ní adigunjalè. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn kò rí ẹ̀rí pé adigunjalè ni wọ́n, ìjọba sì ní kí a san owó gbà-máà-bínú fún àwọn ẹbí wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ní Ejura, ní apá àríwá Kumasi, àwọn ènìyàn jáde sí ìgboro lẹ́yìn ikú Ibrahim Mohammed tí wọ́n ń pè ní Kaaka. Àwọn sọ́jà yìnbọn, ènìyàn méjì kú, àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé awò kan ṣoṣo ni ì bá dá ìyẹn dúró. Ẹ̀rọ kì í rọ́pò ìdájọ́, ẹni tí ó bá sì ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ jíhìn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkùnrin tí ó mú ìbọn lọ́wọ́ ń wo èrò tí kò mọ̀, ohun tí ó ti rí tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń túmọ̀ ohun tí ó ń rí.

Àwọn ọmọ ogun Ghana pẹ̀lú ti jìyà àìmọ̀ yìí, nígbà tí àwọn gan-an jẹ́ àlejò. Ní ọdún 1960 ni Ghana rán wọn lọ sí Congo láti lọ pẹ̀tù sí ìjà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1961, ní Port Francqui, àwọn sọ́jà Congo kọ lù wọ́n lójijì níbi tí wọ́n wà káàkiri ìlú náà ní ẹgbẹ́ kéékèèké, àwọn tí ó sì kú lé ní 40. Ìfura àti àgbọ́yé ti gba ìlú náà, àwọn ọmọ ogun tí ó wá pẹ̀tù sí ìjà kò sì mọ̀ bí ó ti jinlẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá rán ọmọ lọ sí ìlú tí ọmọ náà kò mọ̀, ó yẹ kí ó fi ìlú hàn án kí ó tó lọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà rere. Ní University of Southern California, wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní Tactical Iraqi, tí ọmọ ogun yóò ti kọ́ bí a ti ń kí ará Iraq ní èdè rẹ̀, bí a ti ń fi ọwọ́ lé àyà, bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ilé kí a tó béèrè ohunkóhun. Bí ọmọ ogun náà bá ya aláìmọ̀wàáhù, àwọn ará ìlú inú àwòrán náà kò ní gbẹ́kẹ̀ lé e. Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìkíni ń ṣí ilẹ̀kùn.

ÀWỌN TÍ Ó Ń ṢIYÈMÉJÌ

Àwọn kan wà tí wọn yóò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi ọwọ́ kan ohun tí ó jẹ mọ́ ìbọn rárá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft kan kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n ní àwọn kò gbà kí a fi awò tí àwọn ṣe ran ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́wọ́ láti pànìyàn. Wọ́n ní ogun yóò wá dà bí eré lójú ẹni tí ń jà á. Ewu yìí wà. Ẹni tí a yìnbọn fún nínú àwòrán yóò tún dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì; àwọn ọmọ Ejura méjì kò dìde mọ́.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ilé bá kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, iṣẹ́ náà kò ní dúró. Wọn yóò ra á láti òkè òkun, ìlú tí yóò sì wà nínú rẹ̀ yóò jẹ́ ìlú tí àlejò yà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Ghana mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn ya àwòrán ẹni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọjọ́ 14 láti kúrò, oníṣòwò tí ó ti lo ogún ọdún ní Kumasi, tí ó bí ọmọ síbẹ̀, tí ó ń sọ Twi bí omi, di àjèjì lórí ìwé. Ojú tí a fi wò ó ni ó yí padà. Òun kò yí padà.

Nítorí náà, ohun tí ó tọ́ ni kí àwọn ọmọ ilé ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe àti ohun tí wọn yóò kọ̀. Kí wọ́n ya ibi àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìyá kan kò ti gbọ́ èdè tí sọ́jà ń sọ. Kí wọ́n ya èrò tí ń sọ òkò, tí ọmọdé wà láàrin wọn, kí ọmọ ogun sì kọ́ bí a ti ń fà sẹ́yìn láìsí ìtìjú. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó gbé ìbọn kíákíá pàdánù àmì, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gba àmì. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ya ẹ̀yà kan tàbí ẹ̀sìn kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ ilé.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ọ̀dọ́ mọ kọ̀ǹpútà, àwọn àgbà mọ ìlú. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti àwọn bàbá ní Zongo, kí wọ́n béèrè bí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgboro àti bí a ti ń parí rẹ̀. Kí wọ́n gba ohùn àwọn ìyá ọlọ́jà sílẹ̀, kí ìlú inú àwòrán lè sọ̀rọ̀ bí ìlú ti ń sọ̀rọ̀. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó ti eré orí kọ̀ǹpútà má kàn máa nà án. Kí ó bi í bóyá ó lè ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Teshie, ní Accra, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kofi Annan International Peacekeeping Training Centre, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1998. Níbẹ̀ ni àwọn ológun, ọlọ́pàá àti àwọn aráàlú láti onírúurú orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ń kọ́ bí a ti ń pẹ̀tù sí ìjà. Ọmọ Kumasi ni orúkọ rẹ̀ wà lára ilé náà. Kí ló dé tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Kumasi kò ní wọ inú rẹ̀? Ó yẹ kí ìjọba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyè láti pàdé àwọn tí ń kọ́ ọmọ ogun, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ará Zongo rí ìlú tí a yà ní orúkọ wọn kí ọmọ ogun kankan tó wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀dọ́ sọ́jà kan, tí kò gbé Asawase rí, yóò dúró ní òpópó Asawase pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, tí ẹ̀rù yóò sì ń bà á. Ohun tí yóò rí ní ìṣẹ́jú náà, yálà ọ̀tá tàbí àwọn ọmọ tí ń mu ataya, yóò jẹ́ ohun tí ẹnì kan ti fi hàn án tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jẹ́ ọmọ yín.